Èso Ni Kó Jẹ́ Yìnyín

Ọyẹ́ ti dé, ìnáwó sì ti kún Èkó láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Agége. Lẹ́tà tí a rí gbà lóṣù yìí lórí kọ́kítéèlì èso dídì pọ̀ ju ti aṣọ ẹbí lọ, ọ̀rọ̀ ńlá sì nìyẹn. Ohun mímu tí à ń sọ ni èyí tí a fi èso lọ̀, tó dì wóróworo bíi yìnyín tí a rún, tí èèyàn ń fi ṣíbí tàbí sítírọ̀ọ̀ tó fẹ̀ mu. A gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, àdúgbò la sì fi dá yín mọ̀.

Ọ̀kan le bí òkúta, èkejì kọ̀, kò dì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé ohun mímu ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú fírísà. Ti àkọ́kọ́ le bí òkúta, díẹ̀ ló kù kí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi ọ̀bẹ ya ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń gbẹ́ ẹ. Mo wá da ṣúgà sí ti ẹ̀ẹ̀kejì dáadáa. Ìyẹn kọ̀, kò dì, ó kàn ń fà bí oyin tí wọ́n là. Èwo ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè.

Ìyá Ìbejì, ọwọ́ yín ti ba ìdáhùn náà, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ṣúgà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Omi lásán máa ń dì ní òdo dígírì, ṣùgbọ́n tí ṣúgà bá ti yọ́ sínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dì. Bí ṣúgà ṣe ń pọ̀ sí i ni omi tí kò ní dì ń pọ̀ sí i. Tiyín àkọ́kọ́, ṣúgà rẹ̀ kò tó, ni gbogbo omi inú rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ra gbagidi. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ṣúgà ti borí omi. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí ni kí ṣúgà, àti ti inú èso àti èyí tẹ́ ẹ bù sí i, jẹ́ bíi gíráàmù 15 sí 18 nínú gíráàmù 100 ohun mímu. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n ti gbé bíi 10 sí 13 dání tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Fún bíi kọ́ọ̀pù mẹ́wàá, ẹ wá ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti bó tí a sì ti gé, kílò kan. Ṣúgà gíráàmù 150, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjìlá tí a fá orí rẹ̀ dọ́gba. Omi mìlílítà 400. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ mìlílítà 60. Àti atalẹ̀ tútù gíráàmù 40, tó tó àtàǹpàkò àgbà méjì. Ẹ se ṣúgà mọ́ omi títí yóò fi yọ́ pátápátá, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ṣúgà tí kò bá yọ́ á rì sísàlẹ̀ abọ́, èyí tó wà lókè á sì dì bí òkúta, ẹ ó wá máa ṣe kàyéfì pé ṣebí ẹ fi ṣúgà sí i. Ẹ rin atalẹ̀, ẹ fún oje rẹ̀ sínú ife, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ó rí nǹkan funfun bí ògì tó sílẹ̀ sísàlẹ̀ ife. Omi orí rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ rọra dà, torí funfun yẹn ló ń jẹ́ kí ohun mímu ṣe bí ẹ̀kọ lẹ́nu. Ẹ lọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Kó dùn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, nítorí òtútù máa ń pa adùn lórí ahọ́n.

Àwo tó fẹ̀ tí kò jìn ni kẹ́ ẹ dà á sí, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, ẹ ṣí fírísà wò ó: etí rẹ̀ á ti funfun, àárín á ṣì máa mì. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ha etí yẹn wọ àárín, kẹ́ ẹ dá a padà. Láti ìgbà náà, ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ẹ ó máa ha á, fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi rí bíi gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, yìnyín inú rẹ̀ á tóbi, á sì mú bí ìgò fífọ́. Híha yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè tóbi.

Èyí tó ti di òkúta kì í ṣe òfò. Ẹ gbé e síta fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fọ́ ọ, ẹ lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kọ̀ tí kò dì, ẹ fi omi àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ là á, mìlílítà 100 lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún gbé e padà.

Omi nísàlẹ̀, ìhó lókè

Bí mo bá lọ èso pọ̀ mọ́ yìnyín, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, omi á ti yọ sísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù, ìhó á wà lókè, adùn á ti sá lọ. Bùlẹ́ńdà mi sì ti ń rùn. Àǹtí Alásè, Múṣin.

Yìnyín tẹ́ ẹ ń fi sí i, omi ni. Bó bá yọ́, omi náà ló máa dà, omi tí kò dùn, tí kò ta sánsán. Ẹ jẹ́ kí èso fúnra rẹ̀ jẹ́ yìnyín. Bí ìyẹn bá ń yọ́ nínú kọ́ọ̀pù, oje ló ń yọ́. Gbogbo àṣírí kọ́kítéèlì èso dídì kò ju báyẹn lọ.

Ẹ gé èso sí wẹ́wẹ́ tó tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ tẹ́ ọ̀rá mímọ́ sórí tíréè, ẹ to èso náà sí i kí ọ̀kan má fara kan èkejì, kó wà nínú fírísà fún wákàtí mẹ́fà tàbí kó sùn mọ́jú. Ìgbà yẹn lẹ tó lè kó o pọ̀ sínú ọ̀rá kan, kẹ́ ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó dì í. Ẹni tó bá da èso tútù sínú ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan náà, búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ló máa bá lọ́la, òòlù ló sì máa fi fọ́ ọ.

Fún lítà kan, ẹ lo èso dídì gíráàmù 700, oje èso tó ti tutù mìlílítà 250, oje ọsàn wẹ́wẹ́ mìlílítà 30, àti omi ṣúgà mìlílítà 45. Omi ṣúgà ni ṣúgà àti omi tó dọ́gba, tí a sè pọ̀ tí a sì jẹ́ kó tutù. Ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dídì nínú rẹ̀ á jẹ́ kó ki, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè pín kúrò lára èso. Kó má ju ìdajì lọ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni àlejò máa tọ́ wò.

Ní ti òórùn yẹn, bí ẹ ṣe ń to nǹkan sínú bùlẹ́ńdà ló fà á. Ohun olómi ló ń kọ́kọ́ wọlé, èso rírọ̀ tẹ̀ lé e, èyí tó dì ló ń gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ èso dídì ló wà nísàlẹ̀, abẹ á máa yí nínú afẹ́fẹ́ lásán, èyí tó wà lókè kò ní sọ̀kalẹ̀, mọ́tọ̀ á gbóná, ẹ ó sì máa gbóòórùn bíi táyà tó ń jó. Ẹ jẹ́ kí èso wà níta fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ dá a dúró, ẹ fi ṣíbí onígi rò ó, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú kan lápapọ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún mẹ́ta. Ẹ tún wo ẹ̀yìn bùlẹ́ńdà yín: èyí tó bá tó wáàtì 1,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí “I pass my neighbour” kò lè gbé e, bó bá sì tiraka láti gbé e, méjèèjì lẹ máa gbé lọ fún alátùn-únṣe.

Ìhó, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló sábà máa ń fà á. Ẹ sẹ́ oje rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó jókòó nínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fi ṣíbí kó ìhó orí rẹ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ọjà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í dùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e lóko, rírọ̀ ló kàn ń rọ̀. Torí náà, bẹ́ ẹ bá dé Kétu tàbí Oyíǹgbò, ẹ dojú ìdí rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ gbóòórùn ibẹ̀. Èyí tí kò bá ta sánsán lọ́jà kò ní ta sánsán nílé. Máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yàtọ̀, àwọn máa ń pọ́n nílé, ẹ lè ra àwọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ṣùgbọ́n máńgòrò, oṣù kẹta sí ìkẹfà ni àsìkò rẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe Kérésì ti yẹ kó gé e sínú fírísà láti oṣù karùn-ún. Ẹ fi sọ́kàn fún ọdún tó ń bọ̀.

Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ

Ìkómọ wa jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀, aago méjì ni àwọn àlejò máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu nǹkan. Fírísà wà, àmọ́ ẹ mọ bí iná ṣe rí ládùúgbò wa. Báwo ni mo ṣe lè mú kó dì di ìgbà náà? Bàbá Ọmọ Tuntun, Èbúté-Mẹ́ta.

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí fírísà kún. Èyí tó kún dẹ́nu lè mú nǹkan dì fún bíi wákàtí 48 láìsí iná tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi 24. Torí náà ẹ fi omi inú ọ̀rá dí gbogbo àyè tó ṣófo láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Wọ́n á dì, wọ́n á máa ṣọ́ òtútù fún yín, ẹ ó sì tún rí wọn lò nínú kúlà lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹ fi bébà lẹ ẹnu fírísà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Àwọn ọmọdé tó ń wá yìnyín lá ni ọ̀tá yín, kì í ṣe Nẹ́pà nìkan.

Kúlà fúnra rẹ̀ gbóná nínú kó tó tutù. Ẹ da yìnyín sí i ní wákàtí kan ṣáájú, kẹ́ ẹ da ìyẹn nù, kẹ́ ẹ tó to àwọn rọ́bà ohun mímu sí i. Rọ́bà kéékèèké onílítà méjì méjì ló dáa ju garawa ńlá kan lọ: èyí tẹ́ ẹ bá ń bù nìkan lẹ ń ṣí, àwọn yòókù á wà ní dídì.

Bó bá wá di pé ó ti rọ̀ jù, ẹ lo iyọ̀. A kì í fi í sínú ohun mímu o, ìta rẹ̀ là ń fi sí. Ẹ wá ìkòkò onírin tó ní ọmọrí, ẹ da ohun mímu sínú rẹ̀ kó kún dé ìdajì, ẹ gbé e sínú garawa ńlá. Yíká ìkòkò náà, ẹ da yìnyín tí a ti fọ́ sí i, ẹ wọ́n iyọ̀, ẹ tún da yìnyín, ẹ tún wọ́n iyọ̀, títí yóò fi ga dé ọrùn ìkòkò. Yìnyín kílò mẹ́rin ló ń gba iyọ̀ kílò kan. Iyọ̀ máa ń mú yìnyín yọ́, yíyọ́ yẹn sì máa ń fa ooru kúrò lára ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi oníyọ̀ inú garawa fi lè tutù tó dígírì 15 nísàlẹ̀ òdo, nígbà tí yìnyín lásán kò lè kọjá òdo. Ẹ máa yí ìkòkò náà sọ́tùn-ún sósì, ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ ṣí i, ẹ fi ṣíbí ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ àárín. Láàárín ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú á ti dì padà. Ẹ nu etí ọmọrí dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ̀kán omi iyọ̀ díẹ̀ ti tó ba gbogbo ìkòkò jẹ́. Ẹ má sì ti ọwọ́ lásán bọ inú garawa yẹn pẹ́. Ó lè pa ara ọwọ́ bí iná ṣe ń jó o.

Èyí tó bá ti yọ́ pátápátá tó sì ti gbóná, tó ti ju wákàtí méjì lọ níta, ẹ má gbé e padà. Lábẹ́ oòrùn Èkó tó bá ju dígírì 32 lọ, wákàtí kan péré ni. Èyí tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ lè dá a padà sí fírísà.

Àgbálùmọ̀ ńkọ́?

Àwọn ọmọ wa ń bọ̀ láti òkè òkun fún ọdún, àgbálùmọ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Mo lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà, ó korò, nǹkan kan sì lẹ̀ mọ́ abẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ìyá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ kú ìrètí àwọn ọmọ, Mà. Èèpo àti kóró inú rẹ̀ ni ẹ lọ̀ mọ́ ọn. Inú èèpo ni oje tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù pọ̀ sí, kóró inú rẹ̀ tí abẹ bá sì ti fọ́ ló ń mú un korò. Àgbálùmọ̀ kò nílò bùlẹ́ńdà rárá, ọwọ́ ló ń fẹ́.

Ẹ mú èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó rọ̀ bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, bí ọgbọ̀n. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ là á sí méjì, ẹ fún inú rẹ̀ sínú abọ́ pẹ̀lú kóró, kẹ́ ẹ ju èèpo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mìlílítà 400 sí i. Ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ máa ra á bí ìgbà tí à ń ra ẹyìn, títí kóró á fi ń yọ̀ lọ́wọ́ yín tí omi náà á sì ki. Ẹ fi asẹ́ tó fẹ̀ lójú sẹ́ ẹ, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Fún lítà kan irú omi yìí, ṣúgà gíráàmù 150 àti iyọ̀ fífi ìka méjì mú lẹ́ẹ̀kan. Kò nílò ọsàn wẹ́wẹ́, kíkan rẹ̀ ti tó. Ẹ wá tẹ́ ẹ sí àwo tí kò jìn, kẹ́ ẹ máa fi fọ́ọ̀kì ha á bí a ṣe wí fún Ìyá Ìbejì lókè. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bí òdòdó, ó sì ní kíkan kan tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò lè ní láé.

Gọ́ọ̀mù tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ, omi àti ọṣẹ kò ní mú un kúrò. Ẹ fi òróró nù ún ná, kẹ́ ẹ tó fọ ọ́.

Ó korò lọ́jọ́ kejì

Mo da mílíìkì inú agolo mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, mo gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ó korò. Ṣé mílíìkì náà ló ti bàjẹ́? Olùkọ́, Agége.

Mílíìkì yín kò ṣẹ̀. Ohun kan wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù tó ń jẹ́ bromelain, tó máa ń tú purotéènì inú mílíìkì ká, ìtúká yẹn ló ń korò. Ìbẹ́pẹ náà ní irú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é sílẹ̀, ẹ bọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó lórí iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tutù, kẹ́ ẹ tó pò ó mọ́ mílíìkì. Iná máa ń pa bromelain. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún gan-an kẹ́ ẹ tó da mílíìkì sí i. Tàbí kẹ́ ẹ lo omi àgbọn tí a rin tí a fún, èyí tó bá wa lára mu jù: àgbọn kan, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mìlílítà 300. Òun ni àwọn ará Puerto Rico fi ń ṣe piña colada pẹ̀lú ọtí rum, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ohun mímu orílẹ̀ wọn ní ọdún 1978.

Bàrà dì tán, kò ládùn

Bàrà olómi tí mo gé sínú fírísà dára lójú, àmọ́ bí omi ló rí lẹ́nu. Kí ni kí n fi sí i? Ìyàwó Tuntun, Ṣómólú.

Ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó jẹ́ omi. Fún kílò kan bàrà dídì tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, oje ọsàn wẹ́wẹ́ mìlílítà 60, omi ṣúgà mìlílítà 80, àti iyọ̀ ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré. Iyọ̀ yẹn ni ẹ máa ń gbàgbé. Ẹ fọ èèpo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó là á, torí ọ̀bẹ ló ń gbé erùpẹ̀ orí èèpo wọ inú.

Ọtí mélòó?

A fẹ́ fi ọtí sí i fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n bí mo bá fi sí i, kì í dì mọ́. Ẹnìkan ní kí n lo ògógóró torí ó dín owó kù. Àwọn àna mi kan kì í sì í mu ọtí rárá. Ọ̀dọ́kùnrin, Yábàá.

Iṣẹ́ kan náà ni ọtí àti ṣúgà ń ṣe nínú fírísà, ti ọtí ló lágbára jù. Vodka tàbí rum tó jẹ́ ìdá 40 nínú 100 kì í dì nínú fírísà ilé. Fún lítà kan ohun mímu èso, mìlílítà 150 sí 200 ti tó. Ìyẹn á sọ gbogbo rẹ̀ di ọtí tó wà láàárín ìdá 5 sí 7. Bó bá ti kọjá 10, omi tútù lẹ máa bá lówùúrọ̀. Ẹ dín ṣúgà kù pẹ̀lú, bíi gíráàmù 30 fún lítà kan.

Àmọ́ ọ̀nà tí a fara mọ́ ni kẹ́ ẹ má tilẹ̀ pò ó pọ̀. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ọtí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bù ú fún ẹni tó fẹ́, ẹ da mìlílítà 20 lé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ lórí, kẹ́ ẹ fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àna yín á mu tiwọn, àwọn ọmọdé á mu tiwọn, kò sí pé ẹnì kan ṣèèṣì gbé ti ẹlòmíràn láti inú kúlà kan náà. Bó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ pò ó sílẹ̀, kí kọ́ọ̀pù tàbí ìdérí tirẹ̀ ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, kí àgbàlagbà kan sì jókòó tì í.

Ògógóró tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó pọn ọ́n, rárá o. Ní ọdún 2015, ògógóró tí methanol, ìyẹn ọtí olóró kan, wọ inú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó sì tún pa àwọn mìíràn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol kò ní àwọ̀, ojú kò lè dá a mọ̀, ṣúgà àti èso á tún bo ìtọ́wò rẹ̀, òtútù kì í sì í pa á. Emu ọ̀pẹ nìkan ni a lè gbà yín láyè láti fi ṣeré nínú àwọn ti ìbílẹ̀: mìlílítà 300 fún lítà kan, kó jẹ́ èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má dé e pa. Emu ṣì ń hó títí tí yóò fi dì, ó lè ju ọmọrí rọ́bà yín dé àjà.

Ohun tó bá ní gáàsì, bíi mínírà, kì í wọ fírísà nínú ìgò. Omi máa ń wú ní bíi ìdá 9 nínú 100 bó bá ń dì, ìgò kò sì lè wú. Ẹ dà á lé e lórí nígbà tẹ́ ẹ bá ń bù ú fún àlejò.

Ẹ̀rọ àyálò fún ọgọ́ta èèyàn

Wọ́n fẹ́ yá mi ní ẹ̀rọ tó ń yí ohun mímu dì, oníke méjì, fún ọgọ́ta àlejò. Ṣé ó tó, kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀? Alága Ìdúró, Ìkẹjà.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: kọ́ọ̀pù méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mìlílítà 150 nínú kọ́ọ̀pù kan, lítà 18 nìyẹn. Ike kan lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba lítà 10 sí 12, nítorí náà méjì tó yín. Bó bá jẹ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti Ìyá Ìbejì lẹ fẹ́ ṣe, kílò 12 tí a ti bó lẹ máa lò, ìyẹn bíi mẹ́rìndínlógún tó wúwo tó kílò kan ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bíi ìdajì rẹ̀ ló ń bá èèpo àti ọ̀pá àárín lọ. Ṣúgà kílò kan àti gíráàmù 800. Ọsàn wẹ́wẹ́ bí ọgbọ̀n.

Ẹ̀rọ yìí kò ní sùúrù fún ìyàngbẹ. Asẹ́ tó kéré lójú ni kẹ́ ẹ fi sẹ́ oje náà, lẹ́ẹ̀mejì. Ṣúgà inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 13 nínú 100. Bó bá dín, yìnyín á di mọ́ ara irin tó tutù, apá tó ń yí i á há, ẹ ó sì máa gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ pa òtútù rẹ̀, ẹ má pa yíyí rẹ̀, kẹ́ ẹ da omi ṣúgà mìlílítà 200 sí i. Àwọn ṣúgà àtọwọ́dá tí kò ní agbára kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, adùn nìkan ni wọ́n ní. Torí náà, síróòpù aláìníṣúgà tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ yìí sábà máa ń ní glycerol nínú, ìyẹn ohun olómi dídùn kan tí kì í jẹ́ kó dì gbagidi. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Food Standards Agency, ní kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méje má mu irú rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò.

Ohun mímu tó ti tutù nínú fíríìjì ni kẹ́ ẹ dà sí i, yóò gbà á tó wákàtí kan; èyí tó gbóná á gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ooru ráyè jáde, kó má wà nínú oòrùn. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó tan òtútù rẹ̀ padà, nítorí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn mọ́tọ̀ inú rẹ̀ tó ń mú un tutù.

Ẹ̀rọ áìsìkirimù ni ẹbí irú ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún 1971, Mariano Martinez tó ní ilé oúnjẹ kan ní Dallas, Amẹ́ríkà, tún ọ̀kan ṣe láti máa fi yí kọ́kítéèlì ọlọ́tí tí wọ́n ń pè ní margarita dì, nítorí àwọn tó ń po ọtí fún un kò lè bá àwọn oníbàárà mọ́. Ẹ̀rọ náà gan-an wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian báyìí.

Áìsì ojú títì

Ṣé mo lè fọ́ áìsì búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tà lójú títì sínú ohun mímu yìí? Oníbàárà yín, Ọbáléndé.

Rárá. Òtútù kì í pa kòkòrò àrùn, oorun ló kàn ń fi kùn wọ́n. Bí yìnyín bá yọ́ sínú ikùn àlejò, wọ́n á jí. Búlọ́ọ̀kù yẹn, fún ẹja àti ìgò ni wọ́n ṣe é, ẹ sì ti rí bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi àpò bò ó. Ẹ lò ó sí ìta kúlà àti garawa oníyọ̀ tí a sọ fún Bàbá Ọmọ Tuntun. Yìnyín tó máa wọ kọ́ọ̀pù, omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC ni kẹ́ ẹ mú dì, tàbí omi tẹ́ ẹ ti sè fúnra yín. Ẹ fọ ìta ọ̀rá náà kẹ́ ẹ tó gé e, kẹ́ ẹ sì máa fi ṣíbí ńlá bu yìnyín, kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe kọ́ọ̀pù tí ẹnì kan ti mu.